Ọdẹ́rìnlọ àti Ìbọn Tí Kò Gbọdọ̀ Dún

Mo kí yín o, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí ẹní àti ẹ̀yin tí ẹ fara ti ògiri. Ẹni tí ó bá fẹ́ wúkọ́, kí ó yára wú u nísinsìnyí, nítorí ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kò fẹ́ràn ariwo, èmi náà kò sì fẹ́ràn ariwo.

Ọdẹ́rìnlọ ni orúkọ rẹ̀, ọdẹ àgbà ìlú Òkè-Ìgbín, ọmọ Ọdẹ́tókun tí ó bá ẹfọ̀n jà tí ẹfọ̀n bẹ̀ ẹ́, Arìn-lórí-ewé-gbígbẹ-má-ta-ẹran-jí, ẹni tí ó rí ojú ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín tí ó sọ bí ẹran náà ti dàgbà tó. Akọni ni, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ a máa tètè hó ju omi ẹ̀kọ lọ.

Ní Òkè-Ìgbín, wọn kì í gbin àgbàdo àrọ̀kúrò bí àkọ̀, ẹyẹ ńlá funfun ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, kò bá tíì dé láti ọ̀nà jíjìn tí ó ti máa ń bọ̀ lọ́dọọdún. Ẹlẹ́tàn ni òjò ìparí oṣù kẹjọ. Yóò rọ̀ lọ́jọ́ méjì, yóò fi ogún ọjọ́ sinmi, oòrùn yóò sì yan irúgbìn mọ́ inú ilẹ̀. Àkọ̀ kì í bá òjò ẹlẹ́tàn rìn. Nítorí náà ni Ọdẹ́rìnlọ fi máa ń wọ Igbó Aláriwo lọ sétí adágún tí àwọn ẹyẹ náà ń bà sí, tí ó bá sì ti fi ojú ara rẹ̀ rí wọn, yóò yin ìbọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ìlú bá ti gbọ́ ọ, irúgbìn bọ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Lọ́dún tó ṣáájú èyí tí mò ń sọ yìí, ẹnìkan rí lékeléke lẹ́yìn màlúù, kò dúró de ìbọn, ó pariwo pé àkọ̀ ti dé. Gbogbo ìlú gbìn, gbogbo rẹ̀ jóná. Agbọ̀n irúgbìn kan péré ló kù fún ilé kọ̀ọ̀kan, bí èyí náà bá sì ṣègbé, ebi ni yóò jọba ní Òkè-Ìgbín.

Síbẹ̀, wọn kò jẹ́ kí bàbá sinmi. Ìyá kan sáré wá pé òun rí àkọ̀ lórí ọ̀pẹ; àwòdì ni. Lámidi alágbẹ̀dẹ ní òun rí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Ẹyẹlé aládùúgbò rẹ̀ ni. Àwọn kan tilẹ̀ fà á dìde nídìí oúnjẹ kí ó wá wo àkísà funfun tí afẹ́fẹ́ gbé kọ́ sórí igi.

"Ẹ̀yin ará ibí yìí," ó ní, "ṣé ẹ ti rí ẹyẹ rí láyé yín?"

Ó gbé ìbọn kọ́ èjìká. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. "Bàbá Ọdẹ́bùnmi, ẹ jọ̀wọ́, kí ìbọn yẹn má dún lásán o. Inú agbọ̀n ni irúgbìn wà, etí ni mo dẹ sílẹ̀."

"Ìwọ ni yóò wá kọ́ mi níṣẹ́ ọdẹ?" ni Ọdẹ́rìnlọ wí, ó sì bínú lọ.

Kò tíì rìn jìnnà tí àwọn iwin tí ń gbé Igbó Aláriwo fi tú jáde sí i. Ẹlẹ́tí-Agbọ̀n dé, tí etí rẹ̀ tó agbọ̀n ìkórè, tí kò sì gbọ́ ohunkóhun. Olójú-Ìpàkọ́ dé, tí ó jẹ́ pé ibi tí ó ti ń bọ̀ nìkan ló ń rí. Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta dé, tí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bá ara wọn jà lórí ọ̀nà tí wọn yóò gbà. Ọ̀gá wọn sì dé lẹ́yìn, Ẹlẹ́nu-Méje, tí ẹnu kan ń purọ́, tí èkejì ń jẹ́rìí sí i, tí àwọn márùn-ún yòókù ń rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ Ọdẹ́tókun!" ni Ẹlẹ́nu-Méje kígbe. "Ṣé ìbọn nìyẹn, tàbí ọmọ odó? Yìn ín kí á gbọ́!"

"Bí kì í bá ṣe tìtorí àgbàdo," ni Ọdẹ́rìnlọ dáhùn, "òní ni gbogbo ẹnu rẹ ìbá di ihò eku!"

Wọ́n mọ̀. Gbogbo igbó ló mọ̀ pé bí ìbọn bá dún láìtó àsìkò, irúgbìn ìlú yóò kú, ẹkún ọmọ ènìyàn ni wọ́n sì fi ń jó. Wọ́n já fìlà rẹ̀ gbà. Wọ́n da eèrùn sínú àpò rẹ̀. Nígbà tí ó jókòó sétí adágún, wọ́n jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, bí ẹyẹ kan bá sì ti fò kọjá, Ẹlẹ́nu-Méje á ní, "Àkọ̀ nìyẹn! Yìn ín!" Ọdẹ́rìnlọ á wò ó, ẹ̀ga ni. "Èyí ńkọ́?" Òwìwí ni, ní ọ̀sán gangan. Ọdẹ tí ẹkùn ń yà fún lọ́nà wá jókòó, ó ń kọ́ iwin bí a ṣe ń dá ẹyẹ mọ̀. Ó sú u. Ó sú u dé eegun.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, Ẹlẹ́nu-Méje fò mọ́ ọn, ẹnu kan ki ìka kékeré ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìbọn wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ̀tù wà nínú rẹ̀, ọta wà nínú rẹ̀, ikùn iwin kò sì jìnnà. Ọdẹ́rìnlọ rántí Àwẹ̀ró tí ó dẹ etí sílẹ̀ lẹ́bàá agbọ̀n. Ó ju ìbọn sínú koríko kí ọwọ́ má baà tàn án. Ẹnu náà gé ìka jẹ, bàbá ké, ṣùgbọ́n ìbọn kò ké.

Bí ó ti ń fi aṣọ di ọwọ́ ni ojú ọ̀run ṣú ní ìhà àríwá. Àwọn àkọ̀ ń bọ̀, wọ́n funfun lára, wọ́n dúdú létí ìyẹ́, ẹsẹ̀ gígùn nà sẹ́yìn, wọ́n ń yípo, wọ́n ń bà sómi ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Ó kà wọ́n dé ogójì, omijé kò jẹ́ kí ó rí ìyókù.

"Lékeléke ni!" ni ẹnu méjèèje kígbe pọ̀. "Má yìn ín o!"

"Lékeléke ni bàbá tó bí ọ!" Ọdẹ́rìnlọ gbé ìbọn. Ìlú ní kí ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ẹni tí ó sọ ibi tí yóò kọjú rẹ̀ sí. Ó kọjú rẹ̀ sí àárín ẹnu mẹ́ta àti mẹ́rin. Gbàù! Ẹlẹ́nu-Méje fọ́n ká bí eérú, àwọn yòókù sá, ẹsẹ̀ mẹ́ta gba ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn àkọ̀ fò sókè, wọ́n sì tún padà bà.

Ọdẹ́rìnlọ délé, ó ń retí ìyìn. Kò bá ẹnìkan, àfi ewúrẹ́ kan tí ó wò ó, tí ó sì ń jẹun lọ. "Báyìí ni ẹ ṣe ń kí akọni?" ló pariwo fún àwọn ògiri. Ìgbà náà ló gbọ́ ìró ọkọ́ láti oko, ọkọ́ gbogbo ìlú. Ó lọ bá Àwẹ̀ró lóko níbi tí ó bẹ̀rẹ̀ sí, tí ó ń fi àgbàdo sínú ihò. Obìnrin náà ní "Ẹ káàbọ̀" láìgbójú sókè, àfi ìgbà tí ó rí aṣọ ẹlẹ́jẹ̀.

"Yéè! Ìka yín dà?"

"Òun ni ẹ̀ ń gbìn yẹn," ni Ọdẹ́rìnlọ wí. "Má dúró, jàre. Òjò ti dé tán."

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, bí ọdẹ bá ro ìyà tó jẹ nínú igbó, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ọdẹ́rìnlọ rò ó, ó kùn, ó ṣépè, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bá ìyàwó rẹ̀ gbìn ín. Ẹ lọ máa sùn, bí ẹ bá sì rí ohun funfun lórí igi lọ́la, ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa kí ẹ tó wá pè mí.