Orúkọ tí Ọláníhùn Pa Rẹ́

Ọláníhùn onífírémù ní òfin kan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn: pẹ́ńsù kì í bá àwòrán wọ inú gíláàsì. Àwọn oníbàárà a máa kọ iye ínǹṣì sí etí àwòrán, òun náà a sì máa fi pẹ́ńsù fa ìlà síbi tí yóò gé. Bó bá ṣe tán, a mú rọ́bà, a pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, a fẹ́ eruku rẹ̀ dànù. Ọdún méjìlélógún ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì dá fírémù rẹ̀ padà rí pé ó dọ̀tí. Ó fẹ́ràn kí àwọn èèyàn máa sọ ọ́. Ẹni tó bá gbàgbé láti sọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ a rán an létí.

Lọ́jọ́ Ajé kan, Màmá Ẹniafẹ́ gbé àwòrán kan wá. Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun ló sì gbẹ̀bí ọmọ Ọláníhùn méjèèjì. Ó fi aṣọ funfun wé àwòrán náà bí ọmọ tuntun. Odò ni wọ́n yà síbẹ̀, pẹ̀lú obìnrin mẹ́ta tí wọ́n ń fọ aṣọ pupa létí rẹ̀.

"Ìyá ìyàwó Adégbìtẹ́ ọmọ mi ló fi ránṣẹ́ láti Íńdíà," ni Màmá wí. "Màlínì lorúkọ wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni; wọ́n gbẹ́ ẹ sára pátákó, wọ́n wá fi í tẹ àwòrán sórí pépà. Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn àti tọkọtìyàwó ń bọ̀ wá mọ ilé wa, mo sì fẹ́ kí wọ́n bá a lára ògiri pálọ̀. Ọláníhùn, jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ojú tì mí lọ́dọ̀ àna."

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣé ẹ ò mọ iṣẹ́ mi ni?"

Lọ́jọ́rú, bó ti ń parí iṣẹ́, ó rí i tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ 7/30 sísàlẹ̀ àwòrán. Ó ní ínǹṣì nìyẹn, ẹni tó wọ̀n ọ́n kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n wọ̀n. Lápá kejì, ó rí ìkọkúkọ kan tó lọ́ bí ìtàkùn. Ó pa méjèèjì rẹ́, ó fi gíláàsì bò ó.

Lọ́jọ́bọ̀, Màmá dé. Ó wo àwòrán náà títí. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e sójú.

"Ọláníhùn, orúkọ dà?"

"Orúkọ wo, Màmá?"

"Orúkọ àna mi. Wọ́n buwọ́ lù ú nísàlẹ̀ níbí. Ọgbọ̀n péré ni wọ́n tẹ̀. Wọ́n kọ nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá fi ọ̀bẹ họ pátákó tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ òmíràn mọ́ láéláé. Ìkeje ni wọ́n fún wa."

Ọláníhùn rántí 7/30 àti ìkọkúkọ tó lọ́ bí ìtàkùn.

"Fírémù ló bò ó, Màmá. Màá tún un ṣe. Ilé ni n ó gbé e wá bá yín lọ́la."

Irọ́ ni. Màmá lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ló bojú wẹ̀yìn kó tó dé títì.

Ọláníhùn tú gíláàsì. Ó gbé pépà náà sí ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ó wá rí i pé ojú ibi tí pẹ́ńsù tẹ̀ ṣì jin díẹ̀. Mojíyàgbè ìyàwó rẹ̀ náà rí i.

"Ṣebí ojú rẹ̀ ló wà níbẹ̀ yẹn," ló wí. "Tọ̀ ọ́. Ta ni yóò mọ̀?"

Ó mú pẹ́ńsù, ó gbé e lé orí pépà. Ó rò ó pé bí òun bá kọ ọ́, ẹni tó ni orúkọ yóò mọ̀; bí òun kò bá sì kọ ọ́, obìnrin tó gba ọmọ òun méjèèjì sáyé ni ojú yóò tì níwájú àna rẹ̀. Ó ju pẹ́ńsù sílẹ̀.

Nígbà tó gbé àwòrán dé ilé Màmá lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn àlejò ti jókòó sí pálọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, kò sì dìde.

"Màmá, fírémù kọ́ ló bò ó. Èmi ni mo pa á rẹ́. Mo rò pé ìdọ̀tí ni."

Màmá fọwọ́ bojú. "O pa orúkọ àna mi rẹ́, o tún wo ojú mi lánàá, o purọ́ fún mi."

Adégbìtẹ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún ìyá ìyàwó rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Màlínì tú ẹ̀yìn fírémù. Ó yọ pépà náà, ó gbé e lọ sójú fèrèsé, ó ń fi ìka tọ ojú ibi tí orúkọ rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ó wá béèrè nǹkan kan.

"Wọ́n ní kí ló dé tí ẹ ò kàn tọ̀ ọ́ padà," ni Adégbìtẹ́ wí.

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kì í ṣe orúkọ mi."

Màlínì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó nawọ́ sí ẹ̀yìn etí Ọláníhùn, ó yọ pẹ́ńsù tó há síbẹ̀. Ó kọ nọ́ńbà padà sí ojú rẹ̀, ó kọ orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó yí fírémù dojú dé, ó ń wá nǹkan lára igi rẹ̀.

"Wọ́n ń béèrè ibi tí orúkọ tiyín wà," ni Adégbìtẹ́ tún wí.

Ọláníhùn mi orí. Kò kọ orúkọ sí fírémù kankan rí. Ó ní yóò jọ ìdọ̀tí.

Màlínì na pẹ́ńsù sí i. Màmá Ẹniafẹ́ nu ojú rẹ̀. "Dìde, kí o gbà á," ló wí. "Kọ ọ́ kó hàn."

Ó kọ ọ́. Nítorí kò kọ orúkọ sára igi rí, orúkọ náà lọ́ bí ìtàkùn. Láti ọjọ́ náà, bó bá rí àmì pẹ́ńsù bó ti wù kó kéré mọ, a gbé rọ́bà sílẹ̀, a kọ́kọ́ ránṣẹ́ pe ẹni tó ni àwòrán. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà onífírémù Òkè-Àdó fi ń pa á lówe pé, ohun tí aláìmọ̀ ń nù bí ìdọ̀tí, orúkọ ẹlòmíràn ni.