Ilẹ̀kùn Kúkúrú Akínṣìkù

Ìsun omi kan ṣoṣo ni ìlú Òkè-Àgbọn ní. Inú àpáta ló ti ń ṣàn, ọ̀dá kankan kò sì mú un gbẹ rí. Ojú àwọn ará Ìlódò, tó wà ní ìsàlẹ̀ òkè, kò kúrò lára rẹ̀. Wọn kì í gbé ọfà wá. Ìjàkadì ni wọ́n fi ń gba nǹkan onínǹkan. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, Ọdẹ́jìmí, òmìrán wọn, a gun òkè wá, a sì fi ẹ̀yìn akọni ìlú lélẹ̀. Lọ́dún kìíní, wọ́n gba oko. Lọ́dún kejì, wọ́n gba igbó ọdẹ. Lọ́dún kẹta, Ọdẹ́jìmí dúró lórí àpáta, ó ní ìsun omi ló kù, òun ń bọ̀ wá gbà á ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Jìnnìjìnnì bo tọmọdé tàgbà.

Ká má purọ́, àwọn baba wa ló fọwọ́ ara wọn ṣe é. Gbangba ìta ni àwọn oníjàkadì ìlú wa ti ń kọ́ra, nítorí wọ́n fẹ́ràn kí àwọn obìnrin máa kọrin kí wọn. Àwọn oníyọ̀ tó wá láti Ìlódò a jókòó, wọn a pàtẹ́wọ́, wọn a sì lọ ṣàlàyé gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n rí fún Ọdẹ́jìmí. Ẹni kan ṣoṣo ló kíyè sí i: Akínṣìkù amọlé, ọkùnrin kúkúrú, ọlọ́rùn líle, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gún amọ̀ fún ogún ọdún. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú ọba.

“Kábíyèsí, ẹ fún mi ní ìjà yìí. Ṣùgbọ́n inú ilé mi ni n ó ti múra, ojú ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tó mi.”

Àwọn ìjòyè bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, “Ṣé ìyàwó tuntun ni ọ́ ni, tí o fẹ́ máa jókòó sí yàrá?”

Ọba kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó máa lọ.

Akínṣìkù délé, ó po amọ̀, ó sì mọ ọ́n sí òkè ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí tí ẹnu ọ̀nà náà kò fi ga ju àyà rẹ̀ lọ mọ́. Láràárọ̀ ni yóò lóṣòó gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, tí yóò tún lóṣòó jáde, láì tẹ ẹ̀yìn, láì fọwọ́ kan ilẹ̀. Ó kọ́kọ́ ṣe é lọ́wọ́ òfìfo. Nígbà tó yá, ó gbá ọlọ mọ́ àyà. Nígbẹ̀yìn, ó pọn Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀, ó sì gbé ìkòkò omi dání.

Àwẹ̀ró pariwo: “Baálé mi, orí mi ti kọlu ògiri lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀ yìí! Ṣé Ọdẹ́jìmí lẹ fẹ́ dá ni, àbí èmi?”

“Forí lé mi léjìká. Lọ́jọ́ tí mo bá dìde tí o kò gbọ́ kí ẹsẹ̀ mi gbọ̀n, Ìlódò kò lè gba omi wa mọ́.”

Oṣù mẹ́jọ kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Akínṣìkù dìde, Àwẹ̀ró kò sì gbọ́ kí nǹkan kan mì. Obìnrin náà sọ̀kalẹ̀, ó ń sunkún ayọ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, Ọdẹ́jìmí dé. Létí ìsun ni wọ́n ti pàdé. Òmìrán na apá méjèèjì láti gbá a mú, ṣùgbọ́n Akínṣìkù lóṣòó gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fẹ́ wọ yàrá rẹ̀, ó gba abẹ́ apá náà kọjá, ó fi èjìká ti ikùn rẹ̀, ó sì dìde. Ẹsẹ̀ Ọdẹ́jìmí kúrò nílẹ̀! Akọni, gbómìrán-má-gbọ̀n, gbé e rìn ní ìṣísẹ̀ méje, ó sì rọra fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀.

Ọdẹ́jìmí ní, “Níbo lo ti kọ́ èyí? Àwọn oníyọ̀ kò sọ ọ́ fún mi.”

“Lẹ́nu ọ̀nà mi ni. Àwẹ̀ró àti ìkòkò rẹ̀ wúwo jù ọ́ lọ.”

Ìlódò dá oko àti igbó padà, wọn kò sì wá mọ́. Títí di òní, gbogbo ilé Òkè-Àgbọn ló ní ilẹ̀kùn kúkúrú kan, ẹni tó bá sì pọn omi dé gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ wọlé. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí. Àfi bí ìyá arúgbó kan, ọmọ ọmọ Àwẹ̀ró, ṣe ru ìkòkò tó kún dé ẹnu, tó lóṣòó níwájú mi, tó wọlé, tó sì dìde. Ẹ̀kán omi kan kò dà sílẹ̀. Ó bu omi náà fún mi, mo kúnlẹ̀ gbà á, mo sì mu ún.