Ológbò Sọ Ara Rẹ̀ di Àkọ́bí Ẹkùn

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ gba orí òrùlé, ó já lé Ológbò lórí.

Ní ìgbà kan rí, inú igbó ni Ológbò ń gbé. Ẹ̀ẹ̀rùn mú lọ́dún náà, eku sì wọ́n. Ebi pa Ológbò títí ikùn rẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ló bá gbọ́ pé Baba Ẹkùn kú, pé ẹran gbígbẹ kún àjà rẹ̀, àwọn ọmọ ló sì máa pín in.

Itọ́ dà lẹ́nu Ológbò. Ó lọ wo ara rẹ̀ nínú odò. Ó rí irùngbọ̀n, ó rí èékánná, ó rí ìrù gígùn.

"Háà! Kí ló tún kù?"

Ó já èso bùjé, ó fi oje rẹ̀ ṣe tóótòòtó sí ara bíi ti ẹkùn. Ó figbe bọnu, ó di ilé olókùú.

"Bàbá mi o! Ẹ ò dúró kí n dé!"

Ìyálé Ẹkùn, opó àgbà, tẹjú mọ́ ọn. "Imú yìí mà jọ ti bàbá wọn o. Ìwọ ta ni?"

Ká ní Ológbò pe ara rẹ̀ ní àbíkẹ́yìn ni, bóyá yóò rí itan ẹtu kan gbà. Ṣùgbọ́n ojúkòkòrò ò jẹ́.

"Èmi ni àkọ́bí! Òkèèrè ni wọ́n bí mi sí."

"Àkọ́bí, kékeré báyìí?"

"Ìyá, bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fádìẹ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà á, wọ́n ń kọrin:

Irùngbọ̀n rẹ̀ ńkọ́?
Ó jọ, ó jọ gan-an!
Èékánná rẹ̀ ńkọ́?
Ó jọ, ó jọ gan-an!

Ẹ gbè é dáadáa, àbí ẹ ti ń sùn ni?

Ológbò ń jó, ojú rẹ̀ ò kúrò lára àjà. Ni Dáwódù, ọmọkùnrin tó dàgbà jù nílé náà, bá dì mọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀! Ẹ gba ẹrù lórí mi. Ẹfọ̀n yẹn ò jẹ́ kí n sùn."

"Ẹfọ̀n wo?"

"Ẹ̀yin náà ẹ mọ àṣà wa. Àkọ́bí ló ń fi eyín ara rẹ̀ pa ẹfọ̀n ìsìnkú. Kó tó pa á, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan àjà."

Ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ! Ìrù Ológbò wọ abẹ́ itan. Wọ́n fi orin sìn ín dé ọ̀dàn, níbi tí ẹfọ̀n kan ti ń jẹko.

"Ẹ̀gbọ́n, ó yá!"

Ẹfọ̀n kàn fọn imú ni: fọ́ọ̀! Ológbò tàkìtì, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

"Kì í ṣe tiwa!" ni Dáwódù ké. "Ẹ mú un!"

Àwọn ẹkùn gbá tẹ̀ lé e. Ológbò sá títí ó fi já wọ abúlé, ó kó sí ilé ìdáná Àṣàbí, obìnrin kan tó ń rokà lọ́wọ́.

"Yéè! Ọmọ ẹkùn wọlé o!" Àṣàbí na orógùn sókè.

"Ìyá, ẹ dákun, ẹ má pa mí!" ni Ológbò ké. "Mo kàn jọ ọ́ ni! Èmi kọ́! Eku lèmi ń pa!"

"Eku? Wọ́n ń jẹ èlùbọ́ mi tán lọ. Jókòó síbẹ̀."

Bí Ológbò ṣe dẹni tó ń bá ènìyàn gbé nìyẹn.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin ọmọ: ẹni méjì lè jọra, kí ẹrù tí wọ́n lè gbé má dọ́gba. Kí o tó ní o jọ ará ilé kan, kọ́kọ́ bèèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nílé náà. Bí mo bá parọ́, kí ológbò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò yẹn já mi ní koro.