Àwọn Tó Danú Délẹ̀ Lọ́jọ́ Ìbọn

Nígbà tí ogun tú Ìdóògùn, ogójì ogunléndé ló sá wọ Òkè-Àyán. Àwọn ará ibẹ̀ gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fún wọn nílé àti ilẹ̀ oko. Àṣà Òkè-Àyán ni pé ẹni tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ kì í dá sùn. Yèyé Ládùúntán, olórí àwọn ìyá àgbà, ló ń yan ẹni tí yóò máa bá a sùn, tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀ títí ọkàn rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Àṣà tó dára ni, àmọ́ ẹkún nìkan ni Yèyé fi ń mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn.

Àwẹ̀ró, ọ̀kan nínú àwọn ogunléndé, kò sunkún rárá. Kò tilẹ̀ jókòó. Bó ti ń pọnmi ló ń lọ ata fún ẹni tí kò bẹ̀ ẹ́, á sì tún gbá ojúde tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá tán. Oorun kò kàn án mọ́, ó ń gbẹ lójú ayé. Bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, àìsùn ni yóò pa á.

“Àwẹ̀ró, ṣé o sùn?”

“Mo sùn dáadáa, Yèyé.” Á sì rẹ́rìn-ín.

Yèyé gbà á gbọ́. Ta ni yóò yan olùtùnú fún ẹlẹ́rìn-ín?

Lóṣù kẹta tí wọ́n dé, àgbà kan kú láàárín àwọn ogunléndé. Àwọn ará Òkè-Àyán ní bí tàwọn làwọn yóò ṣe sin ín. Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsìnkú, láìbi ẹnikẹ́ni léèrè, àwọn ọdẹ yìnbọn ẹ̀yẹ. Kí èéfín tó lọ, gbogbo ogunléndé ti dojú bolẹ̀.

“Ẹ dìde, ẹ̀yẹ la ń ṣe,” ni Yèyé ń wí. Wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbọn eruku, àwọn kan tilẹ̀ ń fi ara wọn rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró nìkan ló wà nílẹ̀.

“Ọmọ mi, ogun kọ́.”

“Mo mọ̀, Yèyé. Mi ò lè dìde ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n wọ̀lú wa, mo fi ara bo ọmọ mi mọ́lẹ̀, kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún rẹ̀. Nígbà tí mo dìde, kò mí mọ́.”

Ojú ti Yèyé gan-an. Kò fà á lọ́wọ́, kò sì sọ pé kó mọ́kàn le. Ó tú gèlè rẹ̀, ó danú délẹ̀ tì í nínú eruku, tòun ti ewú lórí, títí Àwẹ̀ró fi bú sẹ́kún.

Láti ọjọ́ náà, ẹni tó ń sunkún àti ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ni Yèyé ń yan ẹnì kejì fún. Bí wọ́n bá bi í nídìí, á nawọ́ sí àwọn aláǹgbá tó wà nílẹ̀ lójúde. Ibẹ̀ làwọn àgbà ti mú un tí wọ́n fi ń pa á lówe pé: gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.