Bí Agbálẹ̀ Inú Kọ̀ǹpútà Ṣe Di Abèèrè

Nígbà láéláé, nígbà tí kọ̀ǹpútà kò tíì ní àwòrán téèyàn lè tẹ̀, ojú dúdú lásán ló ní. Ohun tó o bá fẹ́ kó ṣe, ọ̀rọ̀ lo máa tẹ̀ síbẹ̀.

Nínú kọ̀ǹpútà kan ní Ìkirè, Agbálẹ̀ ń gbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbá ohun tó ti pẹ́ dànù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Fáìlì. Inú Fáìlì ni ẹni tó ni kọ̀ǹpútà máa ń kọ àṣàyàn rẹ̀ sí: gbá tibí, fi tọ̀hún sílẹ̀.

Agbálẹ̀ mọṣẹ́, àmọ́ kì í béèrè nǹkan. Bó bá ka ọ̀rọ̀ tí kò yé e, á fò ó, á sì máa gbálẹ̀ lọ. Ta ló fẹ́ kí wọ́n pe òun ní òpè?

Àwẹ̀ró ló ni kọ̀ǹpútà náà. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ohùn bàbá níbi tó ti ń ki ọmọ rẹ̀ ló kù, inú kọ̀ǹpútà yìí nìkan ló sì wà.

Lọ́jọ́ kan, Àwẹ̀ró fẹ́ kí Agbálẹ̀ tún inú kọ̀ǹpútà ṣe. Ó ṣí Fáìlì. Ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ni: ta ni yóò bá òṣìṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tí kò ní kí i? Ó kọ ọ́ sórí ìlà kìíní pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan ohùn bàbá mi." Ó wá pàṣẹ kí Agbálẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

"Gbá a" àti "fi sílẹ̀" nìkan ni ọ̀rọ̀ tó máa ń yé Agbálẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kí i rí láyé rẹ̀. Ó fo ìlà náà, ó gbé ìgbálẹ̀. Ó gbá orin àtijọ́, ó gbá àwòrán tó ti bàjẹ́, ó kan ohùn bàbá. Ó ti gbá a dé etí ààtàn kí Fáìlì tó rí i.

"Agbálẹ̀, kí ni mo ní kó o ṣe sí ohùn yẹn?"

"Ohun tó o wí kò yé mi, mo bá fò ó."

"O fò ó? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ṣé o ò lẹ́nu ni?"

"Kò sẹ́ni tó béèrè rí nínú wa. Ojú á tì mí."

"Kójú tì ọ́ lónìí sàn ju kí obìnrin yẹn máa sunkún títí ayé. Ohun tó bá wọ ààtàn yìí kì í padà."

Ẹ̀rù ba Agbálẹ̀. Ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó kọ ọ́ sójú dúdú pé: "Mo ti dúró. Ìlà kìíní kò yé mi. Ohùn bàbá yín, ṣé kí n gbá a ni, àbí kí n fi sílẹ̀?"

Àwẹ̀ró kà á. Wàràwàrà ló tẹ̀ ẹ́ pé: "Ohùn bàbá: fi sílẹ̀."

Agbálẹ̀ gbé e padà sáàyè rẹ̀. Àwẹ̀ró ṣí i, bàbá rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ara Agbálẹ̀ náà fúyẹ́. Ìtìjú tó ń bẹ̀rù, kò rí i rárá.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti jẹ́ pé, bẹ́ ẹ bá kọ ohun tí kò yé e sínú fáìlì, kò ní gbé ìgbálẹ̀. Á dúró gbagidi, á dárúkọ ìlà náà fún yín, á ní kẹ́ ẹ wí i kó yé òun. Àwọn kan a máa pè é ní olóríkunkun. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ẹni tó dúró béèrè kò ní í wá nǹkan lọ sí ààtàn.