Ìkòkò Omi Ẹfúndùnkẹ́

Ní abúlé Ìdí-Ọsàn, ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń ro odò lọ́dọọdún. Ilé kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ rán ẹnìkan wá. Ní ọdún kan, Ẹfúndùnkẹ́ amọ̀kòkò kò lọ, kò sì rán ẹnikẹ́ni. Baálẹ̀ Oyèwùsì ránṣẹ́ pè é.

"Ẹfúndùnkẹ́, a ò rí ọ lódò."

"Bàbá, mo ti gbẹ́ kànga sẹ́yìnkùlé mi. N kì í mu omi odò mọ́."

"Ta ló bi ọ́ ní omi tí ò ń mu? Iṣẹ́ ìlú ni mo ń sọ."

"Nígbà tí mo ń gbẹ́ kànga, ìlú dà? Ẹ jẹ́ kí n dá dúró, Bàbá. N kò bá ẹnikẹ́ni jà."

Ọ̀rọ̀ náà ká Baálẹ̀ lára. Ó pe ìlú jọ. "Ó lóun fẹ́ dá dúró. Ẹ jẹ́ kó dá dúró! Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé ẹrù rù ú, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ bá a sọ̀ ọ́."

Láti ọjọ́ náà, àwọn ìkòkò ńlá tí Ẹfúndùnkẹ́ mọ kò rí ọjà lọ mọ́. Kèrègbè tó lè dá gbé nìkan ló fi ń pọn omi. Abọ́sẹ̀dé, aládùúgbò rẹ̀, bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ṣé kèrègbè yìí ni wàá máa gbé títí?"

"Kèrègbè ò wúwo. Ẹ̀yin tí ẹ ń ru ìkòkò, ẹ tọ́jú ọrùn yín."

Ọyẹ́ dé. Ní ọ̀sán kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn wà lóko, iná ìgbẹ́ ta sórí àká tí gbogbo abúlé kó àgbàdo irúgbìn sí. Odò jìnnà, kànga Ẹfúndùnkẹ́ ló wà nítòsí. Ó fi kèrègbè bu omi, ó sáré lọ dà á, ṣùgbọ́n iná kò tilẹ̀ mọ̀ pé omi kan òun. Ó sáré padà, ó pọn omi kún ìkòkò ńlá, ó gbé òṣùká lérí, ó kúnlẹ̀.

"Abọ́sẹ̀dé! Gbé e rù mí!"

Abọ́sẹ̀dé sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó rí Baálẹ̀ lẹ́bàá àká, ó tún dúró. "Baálẹ̀ ń wò wá."

"Irúgbìn ń jó!"

"Mo rí i. Òfin ńkọ́?"

Ẹfúndùnkẹ́ yíjú sí Baálẹ̀. "Bàbá, àgbàdo tiyín náà wà níbẹ̀."

Baálẹ̀ di ọ̀pá oyè rẹ̀ mú ṣinṣin. Apá kan òrùlé àká wó lulẹ̀.

"Ó dáa, Bàbá. N ó ro odò. Ẹ gbé omi yìí rù mí!"

Baálẹ̀ bọ́ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan di ẹnu ìkòkò mú. Ọ̀pá oyè wà ní ọwọ́ kejì. Ìkòkò yẹ̀, omi díẹ̀ dànù. Ó tún gbìyànjú, omi tún dànù.

"Ẹ ju ọ̀pá yẹn sílẹ̀!"

"Ọ̀pá oyè? Kí n jù ú sílẹ̀?"

"Bàbá, ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí!"

Baálẹ̀ wo ọ̀pá. Ó wo àká. Ó ju ọ̀pá sínú ẹrẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbá ìkòkò mú. Abọ́sẹ̀dé náà bẹ́ síbẹ̀. Ìkòkò gbéra, ó gúnlẹ̀ sórí òṣùká, Ẹfúndùnkẹ́ sì kọrí sí ibi iná.

Nígbà tí àwọn tó wà lóko fi dé, ìdajì irúgbìn ti yọ lọ́wọ́ iná, Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sì ń fa omi ní kànga. Ìdí nìyí, bí ẹnìkan bá ní òun kò nílò ìlú, tàbí tí ìlú ní òun kò nílò ẹnìkan, tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé: ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.