Àwo Tí Ìbíwùmí Kò Fi Orin Sí

Ní Òṣogbo, Ọ̀gá Ládépò tó ń ṣe àwo orin máa ń ra ipò kìíní lórí rédíò kí orin tó jáde rárá. Ó pe Ìbíwùmí, tó ń gbe orin lẹ́yìn àwọn ọ̀dọ́ akọrin rẹ̀, ó ní: "Ṣe orin tí gbogbo ìlú á bá ọ kọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, o ò gbọdọ̀ ya ẹnu níbí mọ́." Ìbíwùmí ní, "Ó dáa, sà." Ó wọlé ìgbohùnsílẹ̀, ó ní kí onígìtá máa lọ jẹun, ó sọ gbólóhùn kan, ó sì panu mọ́ títí àwo fi kún. Ọ̀gá ò gbọ́ ọ wò, kò kúkú gbọ́ ọ̀kankan wò rí. Ó fi ránṣẹ́. Nígbà tí rédíò gbé e, àwọn méjèèjì wà ní ọ́fíìsì. Ohùn Ìbíwùmí jáde: "Orin tí ìyá yín fi ń rẹ̀ yín lẹ́kún, ẹ lé e. Mo ń gbọ́." Kẹ́kẹ́ pa lórí rédíò. Ọ̀gá figbe ta: "Òfìfo lo gbé fún mi!" Ìbíwùmí ṣí fèrèsé. Mégáàdì ń kọ tirẹ̀, télọ̀ òdìkejì títì ń kọ tirẹ̀, àdúgbò ń kùn bí ilé oyin. Ọ̀gá nawọ́ láti pa rédíò, ọwọ́ náà dúró lófuurufú. "Dákẹ́, Ládépò," Ọ̀gá fúnra rẹ̀ kọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, "ìyá rẹ ń bọ̀ lóko…" Ó dúró. Àwo tán. Ó gbé fóònù, ó pe àwọn ará rédíò: "Ẹ tún un gbé sí i, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò tíì rántí ìyókù."